Ẹ̀kọ́ Wa: Bí A Ṣe Ń Yan Ìdè Orúnkún àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó

Bí a bá kúnlẹ̀ níbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, púpọ̀ nínú wa ni ó ń di nǹkan mú kí ó tó lè dìde. Èmi náà wà lára wọn. Mo ra ìdè orúnkún, èyí tí àwọn tí ń tà á ń pè ní knee guard, ní Ọ̀fà Garage níhìn-ín. N kò wọn ẹsẹ̀ mi, mo sì wọ̀ ọ́ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ mi ti wú, ó sì dà bí ẹni pé ó kú. Oníṣẹ́ físíò ni ó tọ́ mi sọ́nà.

1. Iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ń dán, tí ó bo orí egungun kí wọ́n má baà máa ha ara wọn, ni ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ìdè kò lè dá a padà. Ó kàn ń di orúnkún mú kí ìrora lè dínkù ni.

2. Yíyàn. Èyí tí ó rọ̀ bí ìbọ̀sẹ̀ wà fún ìrora díẹ̀. Èyí tí ó ní irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wà fún orúnkún tí ń yẹ̀. Ẹ̀kẹta ń gbé ẹrù kúrò ní apá tí ó ti jẹ. Ẹ má dá èyí rà láìrí dókítà tàbí oníṣẹ́ físíò. Ẹ̀ka físíò wà ní UITH.

3. Wíwọ̀n. Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn orúnkún, itan àti ìsàlẹ̀ orúnkún, kí ẹ sì fi wé ìwọ̀n tí ó wà lára páálí. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ tán, ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀.

4. Lílò. Ẹ wọ̀ ọ́ fún ìrìn àti iṣẹ́. Ẹ bọ́ ọ bí ẹ bá fẹ́ sùn. Ẹ máa wo awọ ara yín lójoojúmọ́. Bí ẹsẹ̀ bá wú tàbí tí ó tutù, ẹ bọ́ ọ kíákíá. Kí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀.

5. Iṣan itan ni ìdè tí Ẹlẹ́dàá fún wa. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, ẹ ka ení dé àrún, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà 10 ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó sanra, bí ó bá fi kílò 1 fọn, ẹrù bíi kílò 4 ni ó dínkù lórí orúnkún rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin ìyá, bí orúnkún bá kọ̀, ẹ jókòó gbàdúrà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ìbéèrè: (a) Kí ni ìdè kò lè ṣe? (b) Ìgbà wo ni a gbọ́dọ̀ bọ́ ọ? (d) Ta ni nínú ẹgbẹ́ wa tí a lè bá wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí?