Àkànní, Orúnkún Wo Lo Fẹ́ Gbé Lọ?

Àkànní, jókòó. Má sọ fún mi pé ẹnì kan ń dúró dè ọ́ níbì kan. Fóònù yẹn náà, dojú ẹ̀ délẹ̀. Ohun tí o kọ sí ọmọ mi lórí WhatsApp ti dé etí mi. Wọ́n ní o fẹ́ padà sí iṣẹ́ ṣọ́jà. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ sítóò tí o ṣe nígbà kan ni, mi ò bá dákẹ́. Wọ́n ní infantry ni, wọ́n ní ọ́físà lo fẹ́ jẹ́, kí o máa kó ọmọ ọlọ́mọ sẹ́yìn nínú igbó Georgia. Ìwọ tí o sọ fún mi lọ́jọ́ Kérésì pé àtẹ̀gùn ilé mi ti ga jù!

Má rẹ́rìn-ín. N ò tíì dé ibi ẹ̀rín.

Ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn gan-an ni ká kọ́kọ́ yanjú. Nígbà tí o kúrò lẹ́nu iṣẹ́, o lọ bá àwọn VA tó ń tọ́jú àwọn tó ti ṣe ṣọ́jà rí, o ní orúnkún ń dùn ọ́. Wọ́n yẹ̀ ọ́ wò, wọ́n gbà, wọ́n sì ń sanwó ẹ̀ fún ọ lóṣooṣù títí dòní. Ó dáa. Ní báyìí, o tún fẹ́ lọ dúró níwájú dókítà àwọn ológun, kí o ní orúnkún ò ṣe nǹkan kan? Èwo ni kí wọ́n gbà gbọ́ nínú méjèèjì? Kódà bí wọ́n bá fojú fo orúnkún, ọjọ́ tí o bá ti ń gba owó oṣù ológun, owó VA dúró nìyẹn. Ìjọba Amẹ́ríkà kì í san méjèèjì pọ̀ fún ọjọ́ kan náà. Ṣé o ti ṣírò ìyẹn? Ṣé ìyàwó rẹ bá ọ ṣírò ẹ̀? Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ìwọ tí o kò tíì yarọ, kí lo ń kánjú sí?

Mo mọ̀, wàá ní o ti gboyè yunifásítì báyìí, o sì ti di ọmọ onílùú, ohun tí o kò ní nígbà àkọ́kọ́. Wàá ní ẹni tó bá ti lò ju ọdún mẹ́rin lọ ní ṣọ́jà kékeré kó tó di ọ́físà, owó ẹ̀ máa ń ju ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléèwé dé. Òótọ́ ni, mo ti wádìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ 12 ni OCS, iléèwé àwọn ọ́físà, ní Fort Benning ní Georgia, bí kálukú bá sì ṣe ṣe dáadáa tó ni wọ́n á fi pín iṣẹ́. Bí àwọn ọmọ ọdún 22 bá sá ré ọ kọjá ńkọ́, tí àyè infantry sì kún? Wọ́n lè ní kí o padà sídìí sítóò! Bó bá sì bọ́ sí i, ẹ̀kọ́ infantry fúnra ẹ̀ tún ju oṣù mẹ́rin lọ, wọ́n á sì máa retí pé kí o lọ Ranger School lẹ́yìn ẹ̀: ó lé ní 60 ọjọ́, láti Benning dórí òkè Dahlonega, dé àbàtà Florida, nínú ebi àti àìsùn. Àwọn tí orúnkún wọn pé pérépéré ń já bọ́ níbẹ̀.

Mo lè gbé gbogbo ìyẹn mì. Èyí tó há mi lọ́fun ni pé, nínú gbogbo ohun tí o kọ (bẹ́ẹ̀ ni, mo kà á), àmì wúrà lo sọ, bí wọ́n á ṣe máa kí ọ lo sọ, sájẹ́ǹtì tó fojú ẹ gbolẹ̀ láyé ọjọ́un lo sọ. O ò dárúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n máa kó lé ọ lọ́wọ́ rárá. Lẹ́fútẹ́náǹtì tuntun, bí ogójì ọmọ ni, àwọn mìíràn ò tíì pé ogún ọdún. Ère kan wà ní Fort Benning yẹn tó na ọwọ́ sókè, tó ń ké sí àwọn tó wà lẹ́yìn pé kí wọ́n tẹ̀ lé òun. Níbo lẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ máa ń wà? Ṣé ẹ̀yìn ni?

Ọmọ Adó-Èkìtì ni wá, o mọ Fájuyì, ọ̀gá ológun ọmọ ìlú wa. Ìsàlẹ̀ lòun náà ti bẹ̀rẹ̀. 1943 ló wọṣẹ́ ṣọ́jà, 1954 ni wọ́n tó sọ ọ́ di ọ́físà, lẹ́yìn tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Eaton Hall nílùú ọba. Nítorí náà n ò ní sọ pé ẹni tó ti gbé àpótí rí kò lè jọ̀gá. Irú wọn ni mo tilẹ̀ fẹ́ràn jù, wọ́n mọ ibi tí bàtà ti ń há. Ó gba Military Cross fún iṣẹ́ tó ṣe ní Congo, ta ló ń ránnu mọ́ ìyẹn nílé wa? Oṣù Keje 1966 la ń sọ, tí àwọn ṣọ́jà tó ń dìtẹ̀ wá mú Ironsi, olórí ìjọba ológun tó jẹ́ àlejò rẹ̀, n'Íbàdàn. Wọ́n ní ó kọ̀, kò fi àlejò sílẹ̀. Wọ́n pa àwọn méjèèjì. Irú iṣẹ́ tí o ń tọrọ nìyẹn, Àkànní.

Ìyá rẹ pè mí láti Adó, ó ní kí n ní o ò gbọdọ̀ lọ. N ò ní jẹ́ iṣẹ́ yẹn. Láti ọjọ́ tí o ti bọ́ yúnífọ́ọ̀mù yẹn sílẹ̀, mo ń wò ọ́, ara rẹ ò yá gágá mọ́. Ṣùgbọ́n ṣé o ti bi àwọn National Guard ti Texas? Ọjọ́ méjì lóṣù, ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún, ọ̀nà ọ́físà sì wà níbẹ̀ náà. O lè gbé ọmọ rẹ sùn lálẹ́ kí o tún jẹ́ ọ̀gá.

Ṣùgbọ́n kó o tó bi ẹnikẹ́ni, lálẹ́ òní, kí ìyàwó rẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Bí mo bá pè é lọ́la tí kò tíì mọ̀, èmi àti ìwọ la máa ja ogun. Lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ̀yin méjèèjì wá jẹun. Iyán gidi ni, kì í ṣe ti inú páálí. Ìwọ lo máa gún un, lórí ìdúró, kí n rí orúnkún ọ́físà.