Páwà Báìkì Kékeré Lójú Ọ̀nà Òkè-Ògùn

Ẹ ti rí ọkùnrin tó wọ agbádá òfì, tó gun ọ̀kadà lọ sóde ìgbéyàwó ní Ìsẹ́yìn rí. Bí ọlọ́kadà bá ṣe ń sáré tó ni agbádá ń wú tó, tí yóò sì máa fa ẹni tó wọ̀ ọ́ sẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ tó ń fà á yìí ni wọ́n torí rẹ̀ fi ike bo alùpùpù eléré, láti iwájú títí dé abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Irú alùpùpù eléré bẹ́ẹ̀ là ń pè ní páwà báìkì. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń béèrè bóyá páwà báìkì kékeré, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà láàárín 150 sí 250 cc, dára fún ìrìn ojoojúmọ́. Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀.

Bí eré bá di ìlọ́po méjì, afẹ́fẹ́ á tì wá padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Agbára tí ẹ́ńjìnnì yóò fi borí rẹ̀ á wá di ìlọ́po mẹ́jọ, nítorí ẹrù tó ń tì ti wúwo sí i, ó sì tún gbọ́dọ̀ máa yára tì í. Fún ẹni tó jókòó nàró lórí ọ̀kadà, tí ó ń sá 40 kìlómítà ní wákàtí kan, ohun tí afẹ́fẹ́ ń gbà kò tó agbára ẹṣin kan. Ní 80, ó ti di bíi 5. Ní 120, ó sún mọ́ 18. Ọ̀kadà Bajaj Boxer 150 kò ní ju nǹkan bí agbára ẹṣin 12 lọ. Ẹ rí i pé kò lè dé 120 lójú ọ̀nà títẹ́jú, bó ti wù kí ẹni tó ń gùn ún fún un níná tó.

Ẹ jẹ́ ká wá gbà pé ike yẹn gé ìdá kan nínú mẹ́ta wàhálà afẹ́fẹ́ kúrò. Ní 120, a jèrè agbára ẹṣin 6, èyí tó pọ̀ gan-an. Ní 40, èrè náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta agbára ẹṣin kan. Èrè yìí pàápàá kò sí, àfi kí ẹ dojú bolẹ̀ sórí táńkì. Ẹni tó bá nàró, àyà rẹ̀ ló ṣì fi ń gba afẹ́fẹ́.

Ọ̀rọ̀ cc náà máa ń tan ènìyàn jẹ. Òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2012 fi 200 cc ṣe ààlà fún alùpùpù tó lè gba ọ̀nà márosẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì ṣe fẹ̀ tó kò sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo páwà báìkì Yamaha R15 tó jáde ní India lọ́dún 2018: 155 cc ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju Boxer 150 lọ, síbẹ̀ agbára ẹṣin rẹ̀ ju 18 lọ. Ibo ló ti rí i? Agbára jẹ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe le tó nígbà tó bá ń yí, ní ìlọ́po iye ìgbà tó yí. Ní nǹkan bí ìyípo 5,000 ní ìṣẹ́jú kan ni Boxer ti ń fi gbogbo okun rẹ̀ yí táyà. R15 gbọ́dọ̀ dé 8,500 kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ìyípo 10,000 ni agbára rẹ̀ sì tó pé. Bí ẹ bá gbé àpò gàrí kan àti ènìyàn kan gun òkè pẹ̀lú ìyípo 4,000, agbára tí ẹ sanwó fún kò tíì jí. Àwọn tó ń kó iṣu láti oko Ṣẹpẹ̀tẹ̀rí wá sí Ṣakí mọ èyí láìka ìwé, nítorí náà ni wọn kò fi fi Bajaj wọn sílẹ̀.

Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni ooru. Ẹ́ńjìnnì Boxer wà níhòòhò, irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tó yí i ká ń gba atẹ́gùn tààrà. Ti R15 wà lábẹ́ ike, omi ló sì ń gbé ooru rẹ̀ lọ sí rédíétọ̀. Bí alùpùpù bá ń sáré, ọ̀nà omi yìí dára ju ti afẹ́fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta, tí oòrùn ọ̀sán Òkè-Ògùn ń jó, tí ẹ wá ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín ọjà, fáànù kékeré kan ṣoṣo ló kù tó ń ṣiṣẹ́. Eruku ọyẹ́ a sì máa dí ihò rédíétọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ike kò jẹ́ kí ẹ rí i. Àwọn mẹkáníìkì wa mọ Bajaj bí ẹni mowó; ti páwà báìkì, wọ́n ní láti tú ike kí wọ́n tó débi púlọ́ọ̀gì, bí etí ike kan bá sì ṣẹ́, á máa pariwo títí ẹ ó fi rí òmíràn rà.

Èrò tèmi ni pé ẹni tó ń dá nìkan lọ Ìbàdàn lójú ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65 ọ̀dà, lè ra páwà báìkì láìkábàámọ̀. Bó bá dojú bolẹ̀, àyà kò ní máa dùn ún lọ́wọ́ atẹ́gùn, bíréèkì rẹ̀ sì dáa ju ti ọ̀kadà lọ. Ẹni tó ń lọ oko, tàbí tó ń gbé èrò, kó máa gun Boxer rẹ̀.

Tó bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ọ̀sán gangan ni kí ẹ lọ wò ó. Ẹ ní kí wọ́n tan án síbi oòrùn, kí ó dúró lójú kan títí fáànù yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bí fáànù kò bá yí tí ooru sì ń gòkè, ẹ má tíì dárúkọ iye kankan.