Àmì Dúdú Tí Irorẹ́ Fi Sílẹ̀ Lójú

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti kòkó. Ojú ni ọ̀rọ̀ kàn. Bí owó kòkó bá ti wọlé ni àwọn ọmọ wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, ń sáré lọ ra ìpara tí yóò pa àmì irorẹ́ rẹ́. Àwa òbí náà ń rà á, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí á parọ́.

Irorẹ́ kì í ṣe àrùn ọ̀bùn. Ihò kéékèèké tí irun ti ń hù wà lára awọ, òróró ara a sì máa gba ibẹ̀ jáde. Bí òróró àti awọ tí ó ti kú bá dí i, ibẹ̀ yóò wú, ó sì lè gba ọyún. Níbi tí awọ dúdú bá ti wú bẹ́ẹ̀, ara a máa kó èròjà tí ó sọ wá di dúdú, tí àwọn dókítà ń pè ní melanin, jọ síbẹ̀. Nítorí náà ni irorẹ́ fi lè san ní ọ̀sẹ̀ kan, tí àmì rẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, tàbí ju ọdún kan lọ bí ó bá jinlẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí irorẹ́ tuntun kò bá yọ mọ́, tí a kò sì da awọ láàmú, púpọ̀ nínú àmì náà ni yóò ṣá fúnra rẹ̀. Àwa gan-an ni a kì í jẹ́ kí ó ṣá. A ń fi èékánná tẹ irorẹ́, a ń fi kànìnkànìn líle ha ojú. Ẹlòmíràn a gé ọsàn wẹ́wẹ́, a fi pa ojú láàárọ̀, a sì gba oko lọ. Bí oòrùn bá bá omi ọsàn wẹ́wẹ́ lára awọ, a máa jó o. Bí ó bá san tán, ibẹ̀ lè dúdú ju ti irorẹ́ lọ. Òróró kòkó ńkọ́? Ọjà tiwa ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni kí á sọ: ó ń mú awọ rọ̀, kò sí ẹ̀rí pé ó ń pa àmì rẹ́, ó sì lè dí ihò ojú ẹni tí irorẹ́ ń dà láàmú. Ẹ fi pa ẹsẹ̀.

Èyí tí ó burú jù ni ìpara àpòpọ̀ tí kò ní orúkọ. Hydroquinone, mercury tàbí steroid bíi clobetasol lè wà nínú rẹ̀. Ojú yóò kọ́kọ́ mọ́, ẹni tí ó rà á yóò máa dúpẹ́. Ní 1975, àwọn dókítà ní Gúúsù Áfíríkà kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tí hydroquinone sọ ojú wọn di dúdú bí aró, tí ó sì ṣe kókó-kókó. Irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà lọ mọ́. Mercury ń ba kíndìnrín jẹ́, NAFDAC kò sì gbà á láàyè nínú ìpara. Steroid ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì ń mú irorẹ́ tuntun yọ. Irorẹ́ yìí kan náà ni a torí rẹ̀ náwó!

Irorẹ́ ni kí á kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ bi oníkẹ́míìsì fún benzoyl peroxide tí agbára rẹ̀ jẹ́ 2.5 nínú 100, kí ẹ fi díẹ̀ pa ibi tí irorẹ́ ti ń yọ lálaalẹ́. Ó ń ṣí aṣọ láwọ̀, ẹ ṣọ́ ìrọ̀rí. Iṣẹ́ rẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá kí ó tó hàn, ẹ ní sùúrù. Azelaic acid ń tọ́jú irorẹ́, ó sì ń dín dúdú àmì kù. Adapalene àti tretinoin náà dára, ṣùgbọ́n aboyún kò gbọ́dọ̀ lò wọ́n. Ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ fi fọ ojú, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Kí ẹ sì dé akẹtẹ̀ lóko, nítorí oòrùn ń mú àmì náà dúdú sí i.

Ẹni tí ó ti ń lo ìpara àpòpọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà, nítorí ojú lè wú kí ó sì pọ́n gidigidi. Kí ó gbé ike ìpara náà dání lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó má sì tijú.