Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Wò Kí A Tó Ra Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Oníná Mànàmáná

Ẹ̀kọ́ fún àwọn ilé-ìkàwé ní Òkè-Ògùn

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ìjọba Àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lítà epo kan tí kò tó ₦200 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ìlú. Àgbẹ̀ tí ń kó iṣu láti Ìgbòho lọ sí Ṣakí, ahunṣọ tí ń gbé aṣọ òkè láti Ìsẹ́yìn lọ sí Ìbàdàn, àti olùkọ́ tí ń ti Òkèhò lọ ṣiṣẹ́ ní Ìgànná, kò sí èyí tí ọ̀wọ́n epo náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń béèrè bí ọkọ̀ tí kì í mu epo rárá bá lè gba àwọn lọ́wọ́ ìnáwó yìí. Ìdáhùn ni pé ó lè gbà wọ́n, ó sì tún lè kó wọn sínú gbèsè tí ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ elépo, ẹ́ńjìnnì ni ó rà. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ oníná, bátìrì ni ó rà. Bí bátìrì náà kò bá dára, tàbí tí kò sí ibi tí yóò ti máa gba iná, owó pọ́ọ́kú tí a fi ra ọkọ̀ náà kò já mọ́ nǹkan kan.

BÍ ỌKỌ̀ NÁÀ TI Ń ṢIṢẸ́

Ọkọ̀ oníná kò ní táǹkì epo, kò ní pọ́lọ́ọ̀gì, bẹ́ẹ̀ ni kì í béèrè ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Bátìrì ńlá kan wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ iná kan sì ń gba agbára láti inú bátìrì yìí láti yí táyà. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè tàbí tí awakọ̀ bá ń dín eré kù, ẹ̀rọ yìí kan náà a máa dá díẹ̀ nínú iná padà sínú bátìrì.

Bí a ti ń fi lítà wọn epo ni a ń fi yúníìtì wọn iná, èyíinì ni yúníìtì kan náà tí a ń rà sórí mítà ilé. Lórí ìwé ọkọ̀, kWh ni wọ́n ń kọ dípò yúníìtì. Bátìrì tí a bá kọ 40 kWh sí ara rẹ̀ lè gba yúníìtì 40 nígbà tí ó wà ní tuntun. Ọkọ̀ kékeré a máa lo nǹkan bí yúníìtì 15 láti rin 100 kìlómítà. Ṣùgbọ́n díẹ̀ a máa ṣòfò nígbà tí a bá ń gba iná sí i, nítorí náà kí a ka yúníìtì 17 láti inú ilé fún 100 kìlómítà. Ẹ jẹ́ kí a fi iye yìí sọ́kàn, nítorí òun ni a ó fi ṣe ìṣirò tí ó ń bọ̀.

KÍNNÍ: KÍ ÌRÌN BÁTÌRÌ TÓ Ọ̀NÀ ENI

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn jẹ́ 65 kìlómítà. Láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí lé ní 80 kìlómítà, láti Ṣakí dé Ìbàdàn sì lé ní 150. Kí olùrà kọ́kọ́ ka iye kìlómítà tí òun ń rìn lójúmọ́, àlọ àti àbọ̀, kí ó sì fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé e nítorí ẹrù, òkè, òjò, àti ẹ̀rọ amútutù inú ọkọ̀. Bí ìrìn rẹ̀ bá jẹ́ 60 kìlómítà, kí ó wá ọkọ̀ tí ó lè rin 80 ní tòótọ́.

Kí a má ṣe gba iye tí oníṣòwò bá sọ gbọ́ láìwádìí. Nígbà tí a gbé ọkọ̀ Hyundai Kona oníná jáde fún títà ní Nàìjíríà ní ọdún 2021, a sọ pé ó lè rin 482 kìlómítà. Irú iye bẹ́ẹ̀ ni a ń rí nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní tuntun, tí a sì dán an wò ní ìlànà àwọn tí ó ṣe é. Èyí tí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò lè rin tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

ÈKEJÌ: KÍ BÁTÌRÌ LÈ FARADA OORU

Ọ̀tá bátìrì ni ooru, ooru kò sì ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ ọ̀dàn ní oṣù kejì àti oṣù kẹta. Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ ọkọ̀ Nissan Leaf, tí ó jáde ní òpin ọdún 2010, tí ó sì wà lára àwọn ọkọ̀ oníná tòkunbọ̀ tí owó wọn kéré jù. Afẹ́fẹ́ lásán ni ó ń tu bátìrì rẹ̀ lára. Kò sí omi tí ń yí i ká bí omi rédíétọ̀. Ní ọdún 2012, àwọn tí wọ́n ń lò ó ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, níbi tí oòrùn ti ń mú gan-an, bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn pé bátìrì wọn ń yára rọ. Nígbà tí ó yá, ilé-iṣẹ́ náà ṣe àdéhùn láti tún bátìrì tí ó bá rẹ̀yìn ju ìwọ̀n kan lọ láàárín ọdún 5 ṣe. Àdéhùn ọ̀hún ti kọjá lórí àwọn ọkọ̀ ìgbà náà.

Ilà kéékèèké 12 wà níwájú awakọ̀ Leaf, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń wo iye iná. Àwọn ilà yìí ni ó ń sọ bí ìlera bátìrì ti tó. Bí 12 bá pé, bátìrì ṣì le. Bí ó bá ku 8, bátìrì náà kò lè gbà ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta iye àtijọ́ lọ. Leaf àkọ́kọ́ lè rin nǹkan bí 117 kìlómítà nígbà tí ó wà ní tuntun. Bí ilà rẹ̀ bá ti di 8, kò ní lè rìn tó 80. Ẹni tí ó bá gbé e kúrò ní Ìsẹ́yìn kò ní fi dé Ṣakí. Leaf ti ọdún 2018, tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 40 kWh, lè rin nǹkan bí 243 kìlómítà ní tuntun, nítorí náà bí ó tilẹ̀ rẹ̀yìn díẹ̀, ó ṣì wúlò.

Nítorí náà, kí olùrà wá ọkọ̀ tí omi ń tu bátìrì rẹ̀ lára, tàbí èyí tí ó ní irú bátìrì tí a ń pè ní LFP. Bátìrì LFP a máa wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń farada ooru ju ọ̀pọ̀ irú mìíràn lọ, ó sì ń pẹ́. Ilé-iṣẹ́ BYD ti ilẹ̀ Ṣáínà gbé irú rẹ̀ kan jáde ní ọdún 2020 tí ó pè ní Blade. Irú bátìrì yòówù kí ó jẹ́, abẹ́ igi tàbí abẹ́ ìbòòji ni kí a máa gbé ọkọ̀ sí, kí a má sì fi í sílẹ̀ nínú oòrùn pẹ̀lú iná kíkún fún ọjọ́ púpọ̀.

Ẹ̀KẸTA: IBI TÍ INÁ YÓÒ TI WÁ

Èyí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ fún ará Òkè-Ògùn. Nínú ètò tí Àjọ Tí Ń Mójú Tó Iná Mànàmáná ṣe, a pín àwọn oníbàárà sí Bándì A dé E. Iye wákàtí tí ó yẹ kí iná wà lójúmọ́ ni 20, 16, 12, 8, àti 4. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé lásán kò lè fún ọkọ̀ ní ju nǹkan bí yúníìtì 2 àti díẹ̀ ní wákàtí kan. Bí iná bá wà fún wákàtí 4 péré, nǹkan bí yúníìtì 9 ni yóò wọlé, èyí tí yóò rin nǹkan bí 50 kìlómítà. Bí ó bá wà fún wákàtí 8, yóò tó 100 kìlómítà. Kí olùrà má ṣe ka wákàtí tí ó wà nínú ìwé. Wákàtí tí òun fúnra rẹ̀ rí ní àdúgbò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni kí ó kà.

Ìṣirò owó nìyí, fún ìrìn 100 kìlómítà:

Iná Bándì A: ní oṣù kẹrin ọdún 2024, yúníìtì kan di ₦225. Yúníìtì 17 yóò jẹ́ ₦3,825.

Ọkọ̀ elépo kékeré: lítà 8, bí lítà kan bá jẹ́ ₦1,000, yóò jẹ́ ₦8,000.

Ọkọ̀ oníná tí a fi jẹnẹrétọ̀ kékeré gba iná sí: lítà epo kan kò fi bẹ́ẹ̀ mú ju yúníìtì 2 jáde. Yúníìtì 17 yóò mu lítà 8 àti ààbọ̀, èyí tí yóò jẹ́ ₦8,500.

Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ oníná tí ó sì ń fi jẹnẹrétọ̀ gba iná sí i kò sá fún epo; ó kàn gba ẹ̀yìnkùlé wọ inú ilé epo ni.

Oòrùn ni ọ̀nà kejì. Páńẹ́ẹ̀lì sólà kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 400 lè mú nǹkan bí yúníìtì kan àti ààbọ̀ wá lójúmọ́ ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Bí mẹ́wàá bá wà lórí òrùlé, wọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fún ìrìn 100 kìlómítà, bí ọkọ̀ bá wà nílé ní ọ̀sán tàbí tí bátìrì ilé wà láti fi iná pamọ́. Ohun tí ó ṣeé ṣe ni: ní oṣù kẹrin ọdún 2021, a ṣí ibùdó tí ń fi oòrùn fún ọkọ̀ ní iná ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó. Ṣùgbọ́n kí a fi owó páńẹ́ẹ̀lì kún owó ọkọ̀ kí a tó sọ pé a rí ọjà pọ́ọ́kú.

Ẹ̀KẸRIN: ẸNU ṢÁJÀ ÀTI WÁYÀ ILÉ

Ẹnu ṣájà kò dọ́gba. Ti Japan, ti Yúróòpù, ti Amẹ́ríkà àti ti Ṣáínà, ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Okùn ṣájà tí ó bá ọkọ̀ wá láti Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ ti fóòtì 120, bẹ́ẹ̀ ni iná ilé wa lé ní 220. Kí a ka ohun tí a kọ sára rẹ̀ kí a tó fi bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kí olùtajà fi ọkọ̀ sí iná níṣojú olùrà fún wákàtí kan ó kéré tán, kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ọkọ̀ a máa fa iná púpọ̀ fún wákàtí púpọ̀. Kí oníṣẹ́ iná tí ó mọ iṣẹ́ fa wáyà nípọn ọ̀tọ̀ láti ibi mítà wá, kí ó sì rí i pé wáyà ẹ́ẹ̀tì wà nínú ilẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo wáyà àsomọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ̀KARÙN-ÚN: GÍGA ỌKỌ̀ ÀTI ÀTÚNṢE

Bátìrì wà lábẹ́ ọkọ̀, abẹ́ Leaf kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju íǹṣì mẹ́fà sókè ilẹ̀. Òkúta ọ̀nà oko lè lù ú. Kí ẹni tí ń gba ọ̀nà ilẹ̀ pupa wá ọkọ̀ tí ó ga jù bẹ́ẹ̀, kí ó sì yẹ abẹ́ rẹ̀ wò fún ibi tí ó ti tẹ̀ wọnú.

Kí ó béèrè pẹ̀lú ta ni yóò tún un ṣe. Àwọn wáyà aláwọ̀ ọsàn inú ọkọ̀ náà ń gbé iná tí ó lè pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Mẹkáníìkì tí kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n.

Ẹ̀KẸFÀ: ÌWÉ ỌKỌ̀

Ṣakí kò jìnnà sí ẹnubodè ilẹ̀ Benin, owó ọkọ̀ ní òdìkejì sì lè fa ojú mọ́ra. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni Ìjọba Àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé gba ẹnubodè orí ilẹ̀. Àwọn aṣọ́bodè lè gba ọkọ̀ tí kò ní ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù pípé lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á. Olùtajà yóò ti lọ, olùrà ni yóò fara gbá a.

FÚN ẸNI TÍ OWÓ RẸ̀ KÒ TÓ RA ỌKỌ̀

Ọ̀kadà oníná wà pẹ̀lú. Ní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ M Auto, tí ó yí orúkọ padà sí Spiro lẹ́yìn náà, gbé irú rẹ̀ jáde ní Benin àti Tógò. Ọlọ́kadà kì í dúró kí bátìrì kún. Yóò gbé èyí tí ó ti rọ kalẹ̀ ní ibùdó, yóò sì gba èyí tí ó kún. Ètò náà dára, ṣùgbọ́n ibi tí ibùdó bá dé ni ọ̀kadà náà lè dé. Bí kò bá sí ibùdó nítòsí, kí a ra èyí tí a lè gba iná sí bátìrì rẹ̀ nílé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Wákàtí mélòó ni iná wà ní àdúgbò yín ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá? Kìlómítà mélòó ni ọkọ̀ lè fi rìn?

2. Kí ni ìdí tí jẹnẹrétọ̀ kò fi lè sọ ọkọ̀ oníná di ohun tí ó dín ìnáwó kù?

3. Ẹnì kan fẹ́ ra Leaf àkọ́kọ́ tí ilà rẹ̀ ku 8 láti máa fi ná ọjà Ṣakí láti Ìsẹ́yìn. Ìmọ̀ràn wo ni ẹ ó fún un?

4. Ǹjẹ́ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ aláṣọ òkè lè pawọ́ pọ̀ ra páńẹ́ẹ̀lì sólà mẹ́wàá ju kí ẹnì kan ṣoṣo rà á lọ? Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀.