Àpótí Ìmọ̀: Akọ̀wé Ìjọba Ẹ̀gbá

Ní 1893, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá, níwọ̀n ìgbà tí Ẹ̀gbá bá pa àdéhùn mọ́. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ẹni tó mọ̀wé dáadáa. Lábẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ Ẹ̀gbá, níbi tí Olówu, ọba Òwu, ti bá Aláké, ọba Ẹ̀gbá, jókòó nígbìmọ̀, Adégbóyèga Ẹdun di akọ̀wé ní 1902. Ọ̀gá ilé-ìwé ni tẹ́lẹ̀. Kò nílò ògbufọ̀ láti bá gómìnà Èkó sọ̀rọ̀. Ní 1904, ó bá Aláké Gbádébọ̀ lọ kí Ọba Edward Keje ní Lọ́ńdọ̀nù. Àmọ́ iṣẹ́ aṣojú náà dá lé ẹnì kan lórí jù. Òmìnira Ẹ̀gbá bọ́ ní 1914. Ní ti irú iṣẹ́ aṣojú bẹ́ẹ̀, ní 1981 ni Nàìjíríà dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Èkó fún àwọn aṣojú rẹ̀ sókè òkun.