Ẹsẹ̀ tó ṣẹ́, ẹsẹ̀ tó rọ́, ẹsẹ̀ tó rọ

Ẹ jẹ́ ká ní ìyá kan yọ̀ ṣubú létí omi ní Igbókọ̀dá, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọmọ rẹ̀ mú fóònù, ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èkó: "Ese Mama ro." Kò fi àmì kankan sí i. Bí ẹ̀gbọ́n bá kà á ní rọ́, ọrùn ẹsẹ̀ ló yí, ọ̀ràn náà kò tíì le jù. Bó bá kà á ní rọ, ẹsẹ̀ ti kú, ìyá ti ń di arọ lọ. Bó bá sì kà á ní ro, inú ẹsẹ̀ ló ń dun ìyá, a ò tíì mọ ohun tó fà á. Lẹ́tà méjì péré, ìròyìn mẹ́ta. Àfàìmọ̀ kí ẹ̀gbọ́n má ti dé gáréèjì kó tó rántí pé ó yẹ kóun pè.

Èdè wa kò ṣahun ọ̀rọ̀ níbi ìpalára. Eegun tó di méjì, a ní ó ṣẹ́, ó dá, tàbí ó kán. Èyí tó lanu díẹ̀ bí ògiri tí kò tíì wó, ó sán. Èyí tó kúrò lójú oríkèé rẹ̀, ó yẹ̀. Èyí tí ọkọ̀ gùn kọjá tó sì di wẹ́wẹ́, ó rún. Bí eegun bá wà ní pípé ṣùgbọ́n tí iṣan yí, ó rọ́.

Fọ́ kò sí lára wọn. Àwo ní í fọ́, ìgò ní í fọ́, orí náà a sì máa fọ́ni. Ẹni tó bá ní "Mo fọ́ ẹsẹ̀ mi", èdè òyìnbó ló gbé wọ agbádá. Bí ohùn rẹ̀ bá sì wálẹ̀ díẹ̀, "Mo fọ ẹsẹ̀ mi" la ó gbọ́, a ó sì bi í bóyá ó ti nù ún gbẹ. "Mo ṣẹ́ ẹsẹ̀ mi" náà kò dún dáadáa, nítorí bí ẹni ń ṣẹ́ igi ìdáná ló ṣe rí, àfi bíi pé onítọ̀hún mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Yorùbá kì í sọ̀rọ̀ ìjàǹbá báyẹn. Ohun tí a ń sọ ni "Mo fi ẹsẹ̀ ṣẹ́", "Mo kán lẹ́sẹ̀", tàbí "Ẹsẹ̀ mi dá".

Ẹsẹ̀ tún gùn. Láti itan dé ọmọ ìka, ẹsẹ̀ náà ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́, nítorí náà kí ẹni tó ń ròyìn dárúkọ ibi tí ọ̀ràn wà: itan, orúnkún, ojúgun, ọrùn ẹsẹ̀, gìgísẹ̀. Kókósẹ̀ ni eegun tó yọ gọngọ lọ́tùn-ún lósì ọrùn ẹsẹ̀, òun ló sì sábà máa ń fara gbá a nígbà tí ẹsẹ̀ bá yí. Ní èbúté Igbókọ̀dá, níbi tí ọkọ̀ Ayétòrò àti Ugbónlá ti ń kó èrò, kò ṣòro láti rí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ kan wà lórí pákó tó tutù, ìkejì ti wà nínú ọkọ̀, agbọ̀n ẹja wà lórí, omi bá gbé ọkọ̀ sẹ́yìn. Ojúgun ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹran tó bò ó kò nípọn, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀, ló fi jẹ́ pé ó máa ń pẹ́ kí eegun ibẹ̀ tó so.

Ẹni tó bá fara pa ní abúlé etíkun agbègbè yẹn, omi ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbà dé Igbókọ̀dá kó tó rí ọ̀nà mọ́tò Òkìtìpupa tàbí Oǹdó. Kò yani lẹ́nu pé ọ̀dọ̀ a-to-eegun tó wà nítòsí ni ọ̀pọ̀ ń yà sí. Ẹ kíyè sí orúkọ yẹn. Tò ni ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e, ohùn ìsàlẹ̀ á di ohùn àárín: "wọ́n to eegun rẹ̀", àmọ́ "wọ́n tò ó". Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹ̀: "ẹ má tẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀", àmọ́ "ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀". Ohùn àárín ló sì wà lórí eegun látòkè délẹ̀. Eégún ni ará ọ̀run. Ẹni tó bá kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n ń to eégún, ó ti wọ igbàlẹ̀ láìjẹ́ ọ̀jẹ̀.

A-to-eegun á fi ọwọ́ wá ojú ibi tó ti ṣẹ́, á fà á, á fi ọparun tí wọ́n là tẹ́ẹ́rẹ́ ká a, á wá fi aṣọ dì í. Àwọn mìíràn á ṣẹ́ adìẹ lẹ́sẹ̀, wọn á máa tọ́jú òun àti aláìsàn pọ̀. Ọjọ́ tí adìẹ bá tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbà pé ti aláìsàn náà ti kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n eegun adìẹ ń yá so ju ti ènìyàn lọ, ẹni tó bá fi adìẹ ka ọjọ́ lè tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kí àkókò tó pé. Ní Èkó, orúkọ àdúgbò kan ti di ọ̀rọ̀ fún ìtọ́jú eegun. Bí wọ́n bá ní "Wọ́n ti gbé e lọ Igbóbì", kò sẹ́ni tó tún ń bèèrè ohun tó ṣe é. Àwọn sójà tó fara pa nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú níbẹ̀, kó tó di ilé ìwòsàn eegun lọ́dún 1945.

Ibi yòówù kí ènìyàn gbà tọ́jú ara, ọ̀rọ̀ ìrora ló yẹ kó mọ̀ jù. "Ó ń dùn mí" kò tó, ó gbòòrò jù. Bó bá wá láti inú eegun, tó ń wọra lóru, ó ń ro mí. Bó bá dà bí ata lójú egbò, ó ń ta mí. Bó bá ń wọlé ṣóńṣó, ó ń gún mí. Èyí tó ń dààmú aláìsàn lábẹ́ píópì, ìdì líle ti ilé ìwòsàn, ó ń yún mí. Bí iṣan bá ká kò lójijì, pajápajá ló mú mi. Bó bá sì dà bíi pé èèrà ń rìn nínú ẹsẹ̀, ó ń rìn mí wìnnìwìnnì.

Ọ̀kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀la: ó ń kú. Bí ọparun tàbí píópì bá le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá. Ìrora á le sí i, ìka ẹsẹ̀ á tutù, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà, lẹ́yìn náà kò ní mọ̀ bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Àwọn dókítà ti gé ẹsẹ̀ tí kò yẹ kí wọ́n gé nítorí ìdì tó le jù. Nítorí náà, bí ìyá bá ní "Ìka ẹsẹ̀ mi ń kú", kí ọmọ má dáhùn pé "Màmá, ẹ ní sùúrù." Ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀.

Ìgbà tí ewu bá ré kọjá ni sùúrù tó bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àwọn olùbẹ̀wò ti ń ṣi ọ̀rọ̀ lò. "Ẹ kú ewu" ni kíkí àkọ́kọ́. Aláìsàn tàbí ará ilé lè dáhùn pé "Ewu iná kì í pa àwòdì." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì, ìbéèrè á yí sí "Ṣé ó ti yá?" Kí ni kó dáhùn? Àìsàn ní í sàn: ibà ti sàn. Egbò ní í jinná. Eegun ní í so. Ara lápapọ̀ ní í yá, ní í kọ́fẹ, ní í mókun. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, wọn kì í sì í dé pọ̀. Awọ ara lè jinná kí eegun má tíì so. Ọrùn ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kó tó so, ojúgun àgbàlagbà sì lè gba oṣù 3 sí 6. Bó bá so tán, oríkèé á ṣì le gbagidi, ẹsẹ̀ á ṣì máa wú nírọ̀lẹ́, nígbà mìíràn títí di bí ọdún kan. Ẹni tó ń mu sìgá á tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní rò pé wọ́n ṣe òun ní nǹkan nígbà tí ẹsẹ̀ bá wú lóṣù karùn-ún.

Ọ̀rọ̀ wà fún ìrìn ìgbà náà pẹ̀lú. Ẹni tó há ọ̀pá sábẹ́ abíyá kò tíì tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó mú ọ̀pá kan lọ́wọ́ ń tẹ̀pá. Ẹni tó ń dá ẹsẹ̀ kan sí ń tiro. Ẹni tó ń rìn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ń ṣe tàgétàgé. Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè ara, dárúkọ ibi tó o dé: "Mo ti kúrò ní tàgétàgé, mo ń tẹ̀pá" tẹ́ aláàánú lọ́rùn ju "Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀" lọ.

Òwe ńkọ́? "Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn" dára lẹ́nu ẹni tó ṣubú fúnra rẹ̀, bó bá ń ro ohun tó gbé òun ṣubú. Lẹ́nu olùbẹ̀wò, ẹ̀bi ló ń dá. "Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́" kò sì yẹ ní yàrá aláìsàn rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpìlẹ̀ ọ̀ràn lòwe náà ń bá wí, kì í ṣe ẹsẹ̀. "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà" ò ṣe é bínú sí.

Ká kó wọn jọ:

Ẹ má wí pé "Mo fọ́ ẹsẹ̀ mi." Ẹ wí pé "Mo fi ẹsẹ̀ ṣẹ́."

Ẹ má wí pé "Ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ" bó bá jẹ́ pé ó yí ni. Ẹ wí pé "Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́."

Ẹ má kọ "Wọ́n ń tò eégún." Ẹ kọ "Wọ́n ń to eegun."

Ẹ má wí pé "Eegun rẹ̀ ti sàn." Ẹ wí pé "Eegun rẹ̀ ti so."

Ẹ má bi aláìsàn pé "Ìgbà wo lẹ máa padà sọ́jà?" Ẹ bi í pé "Ṣé wọ́n ti ní kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀?"

Ní ti dá, ẹ má fòyà. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ dá" jẹ́ ìròyìn búburú, "Ara rẹ̀ dá ṣáká" jẹ́ ìròyìn ayọ̀, ohùn kan náà ló sì wà lórí àwọn méjèèjì. Ohun tó ṣáájú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fetí sí.