Ìyàtọ̀, Òdìkejì àti Àtakò: Àwọn Ọ̀rọ̀-Àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì Kan àti Ìperí Wọn ní Èdè Yorùbá

Kì í ṣe orúkọ àwọn kẹ́míkà ni ó ṣòro jù lọ fún ẹni tí ó ń ṣẹ̀dá ìperí. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí gbogbo ènìyàn rò pé àwọn mọ̀ ni ó máa ń fa wàhálà. Lára wọn ni àwọn ọ̀rọ̀-àpèjúwe tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ pé ohun kan kì í ṣe bí èkejì: “different”, “unlike”, “opposite”, “inverse”, “contrary”, “contradictory”. Bí ènìyàn bá fi “yàtọ̀” tàbí “òdì” túmọ̀ gbogbo wọn nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, kò sí ewu. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1970 tí Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, ti bẹ̀rẹ̀ ètò fífi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ìperí tí kò ṣe pàtó lè mú kí ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ pé kọ ìdáhùn tí kò tọ̀nà.

“Different” ni ó wọ́pọ̀ jù. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe Látìn tí ó túmọ̀ sí gbígbé nǹkan lọ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ti wá. “Yàtọ̀” sún mọ́ ọn gan-an, nítorí “yà” àti “ọ̀tọ̀” ni ó para pọ̀ di í. Síbẹ̀, ibi tí wọ́n ti jọ kò pọ̀ tó bí ó ti rí lójú. Nínú “This leaf is different from that one”, ìrísí ni ọ̀rọ̀ náà ń wí: ewé yìí yàtọ̀ sí ìyẹn. Nínú “Choose three different numbers”, ìrísí kò sí níbẹ̀ rárá. Ohun tí ìbéèrè ń fẹ́ ni pé kí nọ́ńbà kan má ṣe wáyé lẹ́ẹ̀mejì. 4, 6 àti 8 jọra, nítorí 2 lè pín gbogbo wọn láìṣẹ́kù, síbẹ̀ wọ́n tó fún ìdáhùn. “Nọ́ńbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀” ni ó bá a mu. Bí olùkọ́ bá sọ pé “nọ́ńbà mẹ́ta tí ó yàtọ̀”, ọmọ lè máa wá èyí tí kò jọ ara wọn. Ní ti “a different day”, “ọjọ́ mìíràn” ni. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ń darí ahọ́n rẹ̀ nìkan ni yóò sọ pé “ọjọ́ tí ó yàtọ̀”.

Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo ọ̀rọ̀-àpèjúwe, ọ̀rọ̀-ìṣe tàbí àpólà-ìṣe ni Yorùbá sábà máa ń lò: yàtọ̀, tako, lòdì. Ìjà tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń jà lórí “different from” àti “different to”, tí àwọn ará Amẹ́ríkà sì fi “different than” kún, kò kan Yorùbá.

“Opposite” le ju èyí lọ. Àga àti ewúrẹ́ yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò pè wọ́n ní “opposite”. Ohun méjì gbọ́dọ̀ wà ní ìpẹ̀kun méjì ohun kan ṣoṣo kí ọ̀rọ̀ yìí tó tọ́ sí wọn, bí òkè àti ìsàlẹ̀. Ẹ̀kọ́ mágínẹ́ẹ̀tì mú ohun kan wá tí ó yẹ ní àkíyèsí. Wọ́n ń sọ níbẹ̀ pé “unlike poles attract”, bẹ́ẹ̀ ni “unlike” kò sọ ju pé nǹkan kò jọra lọ. Ó tó níbẹ̀ nítorí pé oríṣi orí méjì péré ni mágínẹ́ẹ̀tì ní, ti àríwá àti ti gúúsù. Èyí tí kì í bá ṣe ọ̀kan, èkejì ni. Àwọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: aṣọ tí kò funfun kò di dúdú dandan, ó lè pupa.

Ìperí wo ni ó yẹ “opposite”? “Òdì” ní ẹrù tí ó rù. Ẹni tí ó wọ aṣọ lódì ti ṣe àṣìṣe, ẹni tí ó sọ̀rọ̀ òdì sí Ọlọ́run ti dẹ́ṣẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ pé −5 ni “òdì 5” lè rò pé nọ́ńbà tí kò dára ni. “Òdìkejì” sàn jù, nítorí ẹ̀gbẹ́ kejì ni ó ń tọ́ka sí, kò dá nǹkan kan lẹ́bi.

Bí olùkọ́ bá wá fi “òdì” pe “inverse” pẹ̀lú, ìbéèrè kan náà yóò ní ìdáhùn méjì. Nínú ìròpọ̀, −5 ni, nítorí òun àti 5 para pọ̀ jẹ́ 0. Nínú ìsọdipúpọ̀, 1/5 ni, nítorí bí wọ́n bá fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀, 1 ni yóò jẹ́. “Òdìkejì” lè dúró fún ti àkọ́kọ́, kí “ìdoríkodò” sì wà fún ti èkejì: 2/3 dorí kodò, ó di 3/2, ojú ọmọ sì rí i. Ìperí yìí wúlò nínú òfin tí Robert Boyle gbé jáde ní 1662 pẹ̀lú. Bí ooru kò bá yí padà, tí ipá tí ó ń tẹ gáàsì sì di ìlọ́po 2, àyè tí gáàsì gbà yóò di 1/2 ti tẹ́lẹ̀. Bí ó bá di ìlọ́po 3, yóò di 1/3.

Láti ìgbà Aristotle ni àwọn onímọ̀ ìrònú ti ya “contrary” sọ́tọ̀ kúrò lára “contradictory”. Gbólóhùn méjì tí ó jẹ́ “contrary” kò lè jẹ́ òtítọ́ pa pọ̀, ṣùgbọ́n méjèèjì lè jẹ́ irọ́. Bí ó bá jẹ́ “contradictory”, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́, èkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ irọ́. “Atakora” yóò dára fún ti ìṣáájú, “asẹ́ra” fún ti ìkejì, nítorí ẹni tí ó ń sẹ́ ọ̀rọ̀ ń sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. “Gbogbo kànga ìlú yìí ni omi wọn mọ́” àti “Kò sí kànga kan ní ìlú yìí tí omi rẹ̀ mọ́” jẹ́ atakora. Bí kànga mẹ́ta bá mọ́ nínú mẹ́wàá, irọ́ ni méjèèjì. Òṣìṣẹ́ ìlera tí ó rí ẹ̀rí pé gbólóhùn ìṣáájú kì í ṣe òtítọ́, tí ó sì tìtorí bẹ́ẹ̀ kéde ìkejì, ti dí kànga mẹ́ta tí ènìyàn ìbá máa mu.

Yorùbá kò fi èyí pamọ́. “Kì í ṣe gbogbo kànga ni omi wọn mọ́” jẹ́ asẹ́ra. “Gbogbo kànga ni omi wọn kò mọ́” jẹ́ atakora. Ibi tí ìyísódì wà ni ó pín wọn níyà. “All the wells are not clean” ti Gẹ̀ẹ́sì lè túmọ̀ sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, atúmọ̀ èdè tí ó bá sì bá a pàdé gbọ́dọ̀ lọ wo àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò àwọn kànga náà kí ó tó mọ èyí tí yóò kọ.